Ọ̀rọ̀ Gíríìkì tó ń jẹ́ πάσχω àti πάθος: ẹ bá mi dá sí i

Ọmọ_Ilé_Ìwé_Bíbélì

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin àgbà orí pẹpẹ yìí. Mo ń kọ́ iṣẹ́ àlùfáà, èdè Gíríìkì sì wà lára ohun tí wọ́n fi ń dán wa wò. Olùkọ́ wa ní kí ẹnì kọ̀ọ̀kan mú ọ̀rọ̀ kan, kó wá gbogbo ìrísí rẹ̀ àti ìtumọ̀ rẹ̀ jáde nínú Májẹ̀mú Tuntun àti nínú ìwé àwọn Gíríìkì àtijọ́. Èmi mú ọ̀rọ̀ tó dúró fún ìyà, πάσχω (páskhō), torí mo fẹ́ fi ṣe ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ẹtì Rere fún àwọn ọ̀dọ́ ìjọ wa lẹ́yìn náà.

Ibi tó ti ta kókó nìyí. Nínú tábìlì tí mo ń wò, mo rí πάσχω, mo rí ἔπαθον, mo rí πέπονθα, mo tún rí πείσομαι, wọ́n ní ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo wọn. Mi ò rí ibi tí wọ́n ti jọra. Ìkejì, πάθος tí mo rò pé ìyà ni, mo dé Kólósè 3:5, ìfẹ́kúfẹ̀ẹ́ ni wọ́n pè é níbẹ̀. Ìkẹta, ẹnì kan ní kíláàsì wa ní inú ọ̀rọ̀ yìí ni Páskà ti jáde. Ṣé òótọ́ ni? Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹni tó bá mọ̀ ọ́n gbà mí. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni mo máa fi iṣẹ́ náà sílẹ̀.

Bàbá_Gírámà

Ọmọ mi, o káre. Má jẹ́ kí tábìlì yẹn dẹ́rù bà ọ́.

Gbòǹgbò kan ni gbogbo wọn ti hù. Ohun tó ń yí padà nínú rẹ̀ ni fáwẹ́lì àárín: πενθ-, πονθ-, παθ-. Ti àkọ́kọ́ ló wà nínú πένθος (pénthos), tí í ṣe ọ̀fọ̀, ẹkún òkú. Ti ìkejì ló wà nínú πέπονθα. Ìkẹta, παθ-, ni ibi tí fáwẹ́lì ti sá lọ pátápátá, tó ku "n" nìkan láàárín àwọn kọ́ńsónáǹtì. Àwa Yorùbá mọ irú "n" bẹ́ẹ̀, èyí tó ń dá dúró bí odindi sílébù, bíi ti "ó ń lọ". Lẹ́nu àwọn Gíríìkì, "n" tó dá dúró yẹn di "a". Bí "a" ṣe dé inú ἔπαθον àti πάθος nìyẹn.

Ó wá ku πάσχω fúnra rẹ̀. Παθ- ni wọ́n fi -σκω kún. "Th" kò lè dúró síbẹ̀, ó jábọ́, ṣùgbọ́n èémí tó wà lára rẹ̀ bọ́ sórí "k", ni -σκ- bá di -σχ-. Πείσομαι náà, πενθ- ni wọ́n fi -σομαι kún: "n" àti "th" jábọ́ níwájú "s", fáwẹ́lì sì fà gùn láti dí àlàfo náà.

Nítorí náà, kọ wọ́n sílẹ̀ báyìí. Ti ìsinsìnyí: πάσχω. Èyí tó ń lọ lọ́wọ́ láyé àná: ἔπασχον. Ti ọjọ́ iwájú: πείσομαι. Èyí tó ṣẹlẹ̀ tó sì parí: ἔπαθον, òun ló bí παθεῖν àti παθών, παθοῦσα, παθόν. Èyí tó ti ṣẹlẹ̀ tí ipa rẹ̀ kò tíì lọ: πέπονθα.

Ṣọ́ra fún πείσομαι. Ọ̀rọ̀ mìíràn wà, πείθομαι, "mo gbọ́ràn sí i lẹ́nu", òun náà sì ń di πείσομαι tó bá kan ọjọ́ iwájú. Nínú eré orí ìtàgé àwọn ará Athens, "màá gbọ́ràn" àti "nǹkan máa dé bá mi" lè jẹ́ ọ̀rọ̀ kan náà lójú ìwé, ohun tó yí i ká ló máa sọ èyí tí ó jẹ́. Nínú Májẹ̀mú Tuntun, ìyọnu yìí kò sí fún ọ, torí wọn kì í lo πείσομαι fún ìyà níbẹ̀. Μέλλει πάσχειν ni Mátíù 17:12 lò, "ó máa tó jìyà".

Ìmọ̀ràn mi ni pé kí o má há tábìlì sórí lásán. Mú ẹsẹ Bíbélì kan fún ìrísí kọ̀ọ̀kan. Ìwé Pétérù Kìíní ni kí o ti bẹ̀rẹ̀, torí ìwé kékeré yẹn nìkan lo ọ̀rọ̀ ìṣe yìí ní ìgbà 12, kò sí ìwé mìíràn nínú Májẹ̀mú Tuntun tó lò ó tó bẹ́ẹ̀. Orí 2, ẹsẹ 21: Χριστὸς ἔπαθεν ὑπὲρ ὑμῶν. Ẹsẹ 23: πάσχων οὐκ ἠπείλει, ó ń jìyà lọ́wọ́, kò sì halẹ̀ mọ́ ẹnikẹ́ni. Fún πέπονθα, lọ sí Hébérù 2:18, πέπονθεν αὐτὸς πειρασθείς. Ọ̀rọ̀ tí ipa rẹ̀ ṣì wà ni òǹkọ̀wé mú níbẹ̀, torí ohun tó fẹ́ sọ ni pé nítorí ìyà tó ti jẹ Jésù rí, ó lè ran àwọn tí a ń dán wò lọ́wọ́ nísinsìnyí.

Ìyá_Ìbejì_Peckham

Bàbá, ẹ ṣeun gan-an ni. Àbúrò, màá fi tèmi kún un níbi ìtumọ̀.

Kí o tó pe πάσχω ní "jìyà", kọ́kọ́ pè é ní "nǹkan ṣẹlẹ̀ sí i" tàbí "nǹkan dé bá a". Ìtumọ̀ tó wà nísàlẹ̀ pátápátá nìyẹn. Ọ̀rọ̀ tó bá bá a rìn ló ń sọ bóyá ohun náà dára tàbí kò dára. Àwọn Gíríìkì a máa sọ pé εὖ πάσχειν, kí wọ́n ṣe èèyàn lóore. Wọ́n a sì sọ pé κακῶς πάσχειν, kí wọ́n ṣe é níkà. Wo Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì 28:5. Paramọ́lẹ̀ so mọ́ Pọ́ọ̀lù lọ́wọ́ ní erékùṣù Mẹ́lítà, ó gbọ̀n ọ́n dànù sínú iná, Lúùkù wá sọ pé ἔπαθεν οὐδὲν κακόν. Kò sí aburú kankan tó ṣẹlẹ̀ sí i. Bó bá jẹ́ pé ìyà nìkan ni ọ̀rọ̀ náà, kí ni Lúùkù tún ń fi κακόν, "ohun búburú", kún un ṣe?

Ṣùgbọ́n lóòótọ́, bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́, bí wọn kò bá ti fi "dáadáa" sí i, ohun búburú ni etí máa ń gbà á sí. Ní Májẹ̀mú Tuntun, bó ṣe rí níbi púpọ̀ nìyẹn.

Tún wo ọ̀rọ̀ kékeré tó máa ń tẹ̀ lé e, ὑπό, tí mo máa ń pè ní "lọ́wọ́". Èyí tó wọ̀ mí lọ́kàn jù ni obìnrin onísun ẹ̀jẹ̀ nínú Máàkù 5:26. Ọdún 12 ni àìsàn náà ti ń bá a fínra. Máàkù ní πολλὰ παθοῦσα ὑπὸ πολλῶν ἰατρῶν. Ojú rẹ̀ ti rí nǹkan lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ oníṣègùn. Kì í ṣe lọ́wọ́ àìsàn o, lọ́wọ́ àwọn tó ní àwọn ń wò ó sàn! Owó rẹ̀ tán, ara kò dá. Ìrísí obìnrin ni παθοῦσα tí Bàbá kọ sókè yẹn, òun gan-an ló wà níbẹ̀. Tí o bá ń bá àwọn ọ̀dọ́ sọ̀rọ̀, fi obìnrin yìí bẹ̀rẹ̀ kí o tó dé orí Àgbélébùú, torí gbogbo wọn ló ti bá ẹnì kan jókòó ní ọsibítù rí.

Ọmọ_Ilé_Ìwé_Bíbélì

Ẹ ṣeun sà, ẹ ṣeun mà. "N" tó di "a" yẹn ti là mí lójú. Ṣùgbọ́n báwo wá ni πάθος ṣe di ìfẹ́kúfẹ̀ẹ́ ní Kólósè?

Ọ̀rẹ́_Àwọn_Ọ̀mọ̀ràn

Ẹ jẹ́ kí n gba èyí, torí ọ̀dọ̀ àwọn onímọ̀ ọgbọ́n orí ni ọ̀nà ibẹ̀ gbà.

Bí πάσχω bá jẹ́ "nǹkan ṣẹlẹ̀ sí mi", πάθος ni ohun tó ṣẹlẹ̀ síni náà. Aristotle, nínú ìwé rẹ̀ lórí ìsọ̀rí ohun gbogbo, ka ìsọ̀rí 10. Méjì tó gbẹ̀yìn nínú rẹ̀ ni ποιεῖν, kéèyàn ṣe nǹkan, àti πάσχειν, kí wọ́n ṣe nǹkan síni. Àpẹẹrẹ tirẹ̀ ni gígé àti sísun ní apá kan, kí wọ́n géni àti kí wọ́n sunni ní apá kejì. Kò sọ̀rọ̀ ìrora níbẹ̀ rárá. Igi tí wọ́n ń gé náà, πάσχειν ni ó ń ṣe.

Láti ibẹ̀, wọ́n mú un lọ sínú ọkàn. Ìbínú, ìbẹ̀rù, àánú, ìtìjú: àwọn Gíríìkì rí i pé kì í ṣe àwa la ń pè wọ́n, àwọn ló ń dé bá wa. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi pè wọ́n ní πάθη. Nínú ìwé Aristotle lórí ọ̀rọ̀ sísọ níwájú ogunlọ́gọ̀, ẹ̀kọ́ gígùn nípa wọn wà ní ìbẹ̀rẹ̀ apá kejì, torí ẹni tó fẹ́ yí ọkàn adájọ́ padà gbọ́dọ̀ mọ ohun tó ń bí èèyàn nínú àti ohun tó ń rọ̀ ọ́ lójú. Nínú ìwé rẹ̀ lórí eré ìtàgé, ó tún lo πάθος fún nǹkan mìíràn: ìṣẹ̀lẹ̀ tó ń pani tàbí tó ń dunni, bí ikú lójú agbo àti ọgbẹ́.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn Sítọ́íkì dé, tí Zeno ti ìlú Citium dá ẹ̀kọ́ wọn sílẹ̀ ní Athens. Àwọn ló bá πάθος ṣọ̀tá. Mẹ́rin ni wọ́n pín in sí: ìbànújẹ́ (λύπη), ìbẹ̀rù (φόβος), ìfẹ́ ọkàn (ἐπιθυμία) àti adùn (ἡδονή). Ọlọ́gbọ́n lójú tiwọn ni ẹni tó bọ́ lọ́wọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọ́n sì pe ipò yẹn ní ἀπάθεια. Nígbà tí Pọ́ọ̀lù ń kọ lẹ́tà, èrò yìí ti wà nígboro. Tó bá sọ πάθος, àwọn tó ń kà á ti mọ̀ pé ohun tó ń ti ọkàn kiri ló ń sọ. Wo Tẹsalóníkà Kìíní 4:5, ἐν πάθει ἐπιθυμίας. Ọ̀kan nínú mẹ́rin àwọn Sítọ́íkì ló so mọ́ ọn yẹn.

Ajíhìnrere_Ọ̀nà_Ìwà

Ẹ kú ọgbọ́n o. Lórí Páskà, mo ti gbọ́ ọ níbi ìwàásù ju ẹ̀ẹ̀kan lọ pé láti inú πάσχειν ló ti wá, nítorí pé Ọ̀dọ́ Àgùntàn Ọlọ́run jìyà. Àwọn bàbá ìjọ àtijọ́ gan-an ló sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ wo bí wọ́n ṣe jọra lójú ìwé: πάσχα, πάσχω. Ọmọ wa lè fi èyí sínú iṣẹ́ rẹ̀, yóò sì dùn mọ́ àwọn ọ̀dọ́.

Bàbá_Gírámà

Ajíhìnrere, ẹ kú iṣẹ́ Olúwa. Òótọ́ lẹ sọ pé bàbá ìjọ sọ ọ́. Melito, bíṣọ́ọ̀bù ìlú Sardis, sọ ọ́ nínú ìwàásù Páskà rẹ̀ ní ọ̀rúndún kejì lẹ́yìn Krístì, ó so πάσχα mọ́ παθεῖν. Ìwàásù tó lẹ́wà púpọ̀ ni.

Ṣùgbọ́n orísun ọ̀rọ̀ náà kọ́ nìyẹn. Èdè Hébérù ló ti wá, pésàk, ìrékọjá, ó gba inú èdè Árámáíkì kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn Gíríìkì. Àwọn Júù tó tú Òfin Mósè sí Gíríìkì ní Alẹkisáńdíríà ti kọ πάσχα sínú Ẹ́kísódù 12 ní ọ̀rúndún kẹta ṣáájú ìbí Krístì. Wọ́n kò ronú nípa πάσχω rárá. Ohùn Árámáíkì ni wọ́n fi lẹ́tà Gíríìkì kọ. Wò ó dáadáa, πάσχα kì í yí ìdí rẹ̀ padà, ì báà jẹ́ ti ẹni tó ṣe nǹkan tàbí ti ẹni tó ni nǹkan. Bí àlejò ṣe máa ń rí nìyẹn nínú Gíríìkì. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n bí nínú ilé kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, ọmọ mi, bí o bá ń kọ iṣẹ́ fún olùkọ́, kọ ọ́ pé Melito ló so wọ́n pọ̀ fún ìwàásù. Má kọ ọ́ pé ọ̀kan bí èkejì.

Ajíhìnrere_Ọ̀nà_Ìwà

Mo gbà, Bàbá. Èmi á ṣì máa wàásù rẹ̀ bí Melito ṣe wàásù rẹ̀, torí òun tó ń sọ Gíríìkì látinú oyún rí nǹkan níbẹ̀. Ṣùgbọ́n màá sọ fún ìjọ pé àfiwé ni.

Dókítà_Alẹ́

Iṣẹ́ alẹ́ ni mo wà, mo kàn rí ìjíròrò yìí. Ẹ má gbàgbé àwa oníṣègùn o. Pathology, ẹ̀ka tó ń wádìí àrùn, inú πάθος ni orúkọ rẹ̀ ti wá. Galen, oníṣègùn ará Pergamum tí wọ́n bí ní ọdún 129, tó tọ́jú àwọn ajàkadì-idà kó tó lọ sí Róòmù, kọ odindi ìwé kan tó pè ní Περὶ τῶν πεπονθότων τόπων, nípa àwọn ibi tí nǹkan ti ṣe nínú ara. Ẹ wo ọ̀rọ̀ àárín yẹn, ọmọ πέπονθα ni. Ibi tí àrùn ti ṣe, tí ó sì ṣì ń ṣe. Ohun tó ń wá nínú ìwé náà ni bí oníṣègùn ṣe lè mọ ẹ̀yà ara inú tó ní àrùn láìla ara: kó wo ibi tó ń dun aláìsàn, irú ìrora tó jẹ́, ohun tó ń jáde lára rẹ̀, iṣẹ́ tí ẹ̀yà ara náà kò lè ṣe mọ́.

Bí èèyàn bá jókòó níwájú mi, "Kí ló ń ṣe yín?" ni mo máa ń bi í. Àwọn Gíríìkì náà ní in: τί πάσχεις, Ó wà nínú eré Aristophanes tí wọ́n ṣe ní Athens lọ́dún 423 ṣáájú ìbí Krístì. Wọ́n ní kí bàbá àgbàlagbà kan dùbúlẹ̀ lórí ibùsùn kó máa ronú, ni ìdun bá bò ó, tó ń jẹ ẹ́. Bó ṣe pariwo ni wọ́n bi í pé τί πάσχεις. Kí ló ń ṣe ọ́? Èmi kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ Gíríìkì, ṣùgbọ́n látìgbà tí mo ti mọ ìbéèrè yẹn, ọ̀rọ̀ yìí kò ṣòro fún mi mọ́.

Bàbá_Gírámà

Dókítà, ẹ ṣeun, ẹ ti bá mi sọ ohun tó wà lẹ́nu mi. Òmíràn tó jọ ọ́ ni τί παθών. Bí ẹnì kan bá ṣe ohun tí kò bọ́gbọ́n mu ní Athens, wọn a bi í pé τί παθὼν o fi ṣe é? Kí ló ṣe ọ́ tó o fi ṣe bẹ́ẹ̀? Gírámà wọn náà gbà á wọlé: Dionysius Thrax, onígírámà Gíríìkì àtijọ́, nígbà tó ń ka ìrísí ọ̀rọ̀ ìṣe, pè wọ́n ní ἐνέργεια, πάθος àti μεσότης. Πάθος níbẹ̀ ni ìgbà tí ẹni tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ bá jẹ́ ẹni tí wọ́n ṣe nǹkan sí.

Ìyá_Ìbejì_Peckham

Àbúrò, kí n padà sí ìbéèrè rẹ lórí πάθος, kí n sì fi πάθημα, ọ̀rọ̀ mìíràn láti gbòǹgbò kan náà, kún un, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń wàásù ti máa ń kọsẹ̀.

Πάθος kò ju ibi mẹ́ta lọ nínú Májẹ̀mú Tuntun. Pọ́ọ̀lù ló lò ó lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: Róòmù 1:26, Kólósè 3:5, Tẹsalóníkà Kìíní 4:5. Ìfẹ́kúfẹ̀ẹ́ ni níbi gbogbo. Tí o bá fẹ́ sọ̀rọ̀ ìyà Krístì látinú Bíbélì, πάθημα ni kí o wá. Ìgbà 16 ló wà, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ni nígbà gbogbo, παθήματα. Hébérù 2:9 ni ibi tó ti jẹ́ ẹyọ, τὸ πάθημα τοῦ θανάτου, ìyà ikú. Róòmù 8:18, ìyà ìgbà ìsinsìnyí tí kò tó fi wé ògo tó ń bọ̀. Fílípì 3:10, kí a bá a pín nínú ìyà rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ọ̀rọ̀ má baà rọrùn jù, Róòmù 7:5 àti Gálátíà 5:24 lo παθήματα yìí kan náà fún ìfẹ́ ara. Má ṣe òfin pé ọ̀kan jẹ́ ìyà, èkejì jẹ́ ìfẹ́. Wo ẹsẹ tó o wà nínú rẹ̀.

Ohun tó wá yà mí lẹ́nu ni pé kò pẹ́ lẹ́yìn Pọ́ọ̀lù, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kejì, tí àwọn ọmọ ogun ń mú Ignatius, bíṣọ́ọ̀bù Áńtíókù, lọ sí Róòmù láti lọ pa á, ó kọ̀wé ṣáájú sí àwọn ará Róòmù pé kí wọ́n má gba òun sílẹ̀, kí wọ́n jẹ́ kí òun fi ara wé πάθος Ọlọ́run òun. Ọ̀rọ̀ tí Pọ́ọ̀lù fi pe ìfẹ́kúfẹ̀ẹ́ ni Ignatius mú, tó fi pe ikú Olúwa wa. Látìgbà náà ni πάθος ti di orúkọ fún ìyà Krístì nínú ìjọ. Nínú lẹ́tà rẹ̀ sí Polycarp, ó tún pe Krístì ní ἀπαθής, ẹni tí nǹkan kan kò lè ṣe, tó wá di παθητός, ẹni tí nǹkan lè ṣe, nítorí tiwa. Mo ka ìlà yẹn lọ́jọ́ Ẹtì Rere kan, mi ò lè ka ìlà tó tẹ̀ lé e.

Παθητός yẹn wà nínú Bíbélì náà, Ìṣe 26:23, lẹ́nu Pọ́ọ̀lù níwájú Àgírípà.

Ọ̀rẹ́_Àwọn_Ọ̀mọ̀ràn

Ìyá Ìbejì, ẹ kú iṣẹ́ mà. Mo fẹ́ béèrè ohun kan lọ́wọ́ yín. Gálátíà 3:4, τοσαῦτα ἐπάθετε εἰκῇ, Ọ̀pọ̀ Bíbélì ló túmọ̀ rẹ̀ sí pé "ṣé lásán lẹ jìyà tó báyìí?" Èmi rò pé "ṣé lásán lẹ rí gbogbo nǹkan yìí?" ló dáa jù. Ẹsẹ 2 ń sọ̀rọ̀ Ẹ̀mí tí wọ́n gbà, ẹsẹ 5 ń sọ̀rọ̀ iṣẹ́ ìyanu láàárín wọn. Ibo ni ìyà ti wọlé láàárín méjèèjì?

Ìyá_Ìbejì_Peckham

Mo rí ohun tí ẹ ń wí, èrò tó lágbára ni. Síbẹ̀, níbi tí Pọ́ọ̀lù ti lo ọ̀rọ̀ ìṣe yìí ní ibòmíràn, ìyà ló fi pè. Wo Fílípì 1:29, wo Tẹsalóníkà Kìíní 2:14. Kò sì fi "dáadáa" kankan sí i ní Gálátíà. Tó bá jẹ́ oore Ẹ̀mí ló ń sọ, mo rò pé ì bá ti fi ọ̀rọ̀ kan hàn wá.

Bàbá_Gírámà

Ẹ̀yin méjèèjì ni àwọn ọ̀mọ̀wé ń tì lẹ́yìn. Kí ọmọ wa kọ méjèèjì, kó sọ èyí tó gbà àti ìdí rẹ̀. Èmi ń tẹ̀ sí ti Ọ̀rẹ́ wa, nítorí àwọn ẹsẹ tó yí i ká.

Ajíhìnrere_Ọ̀nà_Ìwà

Ẹ jẹ́ kí n fi ìdílé ọ̀rọ̀ náà kún un, torí ibẹ̀ ni ìwàásù pọ̀ sí. Συμπάσχω, kí a jọ jìyà: Kọ́ríńtì Kìíní 12:26, bí ẹ̀yà ara kan bá ń jìyà, gbogbo wọn a bá a jẹ ẹ́. Συμπαθέω, kí ojú àánú ṣíni, Hébérù 4:15, olórí àlùfáà tó lè bá wa kẹ́dùn nínú àìlera wa. Κακοπαθέω, Jákọ́bù 5:13: inú ìpọ́njú ni ẹnikẹ́ni nínú yín wà bí? Kó gbàdúrà. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ὁμοιοπαθής. Nígbà tí àwọn ará Lísírà fẹ́ fi màlúù rúbọ sí Pọ́ọ̀lù àti Bánábà, tí wọ́n pè wọ́n ní òrìṣà, àwọn méjèèjì fa aṣọ wọn ya, wọ́n ní ohun tó ń ṣe yín náà ló ń ṣe wá. Ìṣe 14:15 nìyẹn. Jákọ́bù 5:17 sọ ọ́ nípa Èlíjà pẹ̀lú, ẹni tó gbàdúrà tí òjò fi dá.

Ọ̀rẹ́_Àwọn_Ọ̀mọ̀ràn

Kí n tó gbàgbé Hébérù 5:8 o! Ἔμαθεν ἀφ' ὧν ἔπαθεν, ó kọ́ ìgbọràn nípa ohun tó jìyà rẹ̀. Ẹ gbọ́ bí ó ṣe ń dún: émathen, épathen. Ó ti wà lẹ́nu àwọn Gíríìkì tipẹ́. Nínú eré Aeschylus lórí Agamemnon, tí wọ́n ṣe ní ọdún 458 ṣáájú ìbí Krístì, àwọn agberin sọ pé Zeus ló fi lélẹ̀ pé πάθει μάθος, nínú ìrírí kíkorò ni ẹ̀kọ́ wà. Nínú ìwé Herodotus, òpìtàn Gíríìkì, Croesus tí í ṣe ọba Lydia tẹ́lẹ̀, tí Cyrus ọba Páṣíà ti gba ìjọba lọ́wọ́ rẹ̀, sọ fún Cyrus pé παθήματα òun tó korò ti di μαθήματα fún òun. Ọba tí wọ́n ti gbé sórí igi tí wọ́n fẹ́ dáná sun ló ń sọ̀rọ̀ o. Ẹni tó kọ ìwé Hébérù mú òwe tí gbogbo etí mọ̀, ó fi sọ̀rọ̀ Ọmọ Ọlọ́run.

Ọmọ_Ilé_Ìwé_Bíbélì

Mi ò mọ bí mo ṣe lè dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Mo ti kọ ojú ìwé àkọ́kọ́. Mo fi obìnrin inú Máàkù bẹ̀rẹ̀, mo wá bọ́ sí Pétérù Kìíní, mo fi Ignatius parí. Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo ìlà yìí: "ὁ Χριστὸς παθῶν ὑπὲρ ἡμῶν, Krístì tó ti jìyà nítorí wa." Ṣé ó tọ̀nà?

Bàbá_Gírámà

Àmì orí rẹ̀ ni kí o tún ṣe. Παθών ni o ń wá, "ẹni tó ti jìyà". Παθῶν tí o kọ, "ti àwọn πάθη" ni, ọ̀pọ̀ πάθος. Παθέων ni tẹ́lẹ̀, fáwẹ́lì méjèèjì wá pàdé di ọ̀kan. Lẹ́tà wọn kò yàtọ̀ rárá, àmì nìkan ló pín wọn níyà. Láyé ìgbà náà, ohùn gidi ni àwọn àmì yìí: èyí tó dà bí àmì òkè wa ń fa ohùn sókè, èyí tó tẹ̀ kọdọrọ ń gbé ohùn sókè kó tó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lórí fáwẹ́lì gígùn kan náà. Ọmọ Yorùbá tó mọ ìyàtọ̀ ọkọ̀ àti ọkọ́ kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí èyí yọ lọ́wọ́ òun. Máa kà á sókè pẹ̀lú ohùn rẹ̀.

Tún fọkàn sí i pé τὸ πάθος ni, kì í ṣe ὁ πάθος. Ó jọ λόγος, ṣùgbọ́n ìdílé mìíràn ni: πάθος, πάθους, πάθει, ọ̀pọ̀ rẹ̀ sì ni πάθη, παθῶν, πάθεσι. Bí τὰ πάθη bá ṣe nǹkan, ọ̀rọ̀ ìṣe ẹyọ ni àwọn Gíríìkì sábà máa ń fún un.

Ohun ìkẹyìn: ní Pétérù Kìíní 3:18, àwọn ìwé àfọwọ́kọ àtijọ́ kò ṣọ̀kan. Àwọn kan ní ἔπαθεν, "ó jìyà", àwọn mìíràn ní ἀπέθανεν, "ó kú". Wo ìsàlẹ̀ ojú ìwé Bíbélì Gíríìkì rẹ, wàá rí i níbẹ̀. Kọ ọ́ sínú iṣẹ́ rẹ, inú olùkọ́ rẹ máa dùn.

Dókítà_Alẹ́

Tó o bá fẹ́ yẹ ìrísí kan wò fúnra rẹ, Perseus ti Yunifásítì Tufts wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Tẹ πεπόνθασιν láti Lúùkù 13:2 sínú rẹ̀, yóò sọ ọ̀rọ̀ tó ti wá àti àsìkò rẹ̀ fún ọ, yóò sì ṣí ìwé atúmọ̀ Liddell àti Scott síwájú rẹ. Logeion ti Yunifásítì Chicago náà dára, ó fúyẹ́ lórí fóònù. Fún àwọn àmì orí lẹ́tà, bọ́ọ̀dù Gíríìkì tó wà lórí ọ̀pọ̀ fóònù kò ní gbogbo wọn. Lórí kọ̀ǹpútà Windows, "Greek Polytonic" ni kí o yàn níbi ètò èdè, òun ló ní àmì tó tẹ̀ kọdọrọ tí Bàbá ń sọ.